Èésan, Ìhá àti Epo: Ìtàn Pàǹtírí Oko láti Ẹ̀pẹ́ dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Bí ẹ kò bá ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ wa lórí rédíò, ìwé yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín kò bá mọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sí i létí.

Ọ̀rọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí jẹ mọ́ pàǹtírí oko: èèpo ẹ̀gẹ́ tí ń rà lẹ́yìn ilé gàárì, èésan tí ó di òkìtì lẹ́bàá ẹkù epo, ṣùkù àgbàdo, èèpo kòkó, àti lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń tú jáde lára pákó. Àwọn onímọ̀ ń sọ pé gbogbo wọn ni a lè sọ di gáàsì ìdáná, di èédú, di iná mànàmáná, àní di epo tí ọkọ̀ ń mu. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ, ohun kan sì wà nínú ìtàn rẹ̀ tí ẹni tí ń ta ẹ̀rọ kì í sọ fún àgbẹ̀: ní ọjọ́ tí pàǹtírí bá ti lè mú iná wá, ó ti di ọjà, ẹni tí ó sì ni ín lánàá lè má ni ín mọ́ lọ́la.

Àdúgbò kan tí kò ní oko kankan ni a óò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni, ní erékùṣù Èkó. Ọ̀pọ̀ yín mọ orúkọ rẹ̀ nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní June 11, 1994, nígbà tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá kéde pé òun ni ààrẹ tí ará ìlú dìbò yàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ náà fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó ti Ẹ̀pẹ́ wá ni ó tẹ̀dó síbẹ̀.

Ní ìparí December 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó. Wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba orí ọ̀sà lọ, wọ́n sì fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùjókòó. Ní September 28, 1854, Kòsọ́kọ́ bá Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ pé òun yóò jáwọ́ nínú òwò ẹrú, òun yóò sì máa ṣe òwò tí ó bófin mu láti èbúté Palma àti Lẹ́kí. Lójú àwọn òyìnbó ìgbà náà, epo pupa ni olórí òwò tí ó bófin mu. Ilé-iṣẹ́ wọn ń fi ṣe ọṣẹ, wọ́n ń fi ṣe àbẹ́là, wọ́n sì ń fi í pa ẹ̀rọ kí ó má baà jẹ.

Ní August 6, 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní ọdún kejì, 1862, wọ́n gbà fún Kòsọ́kọ́ kí ó padà wálé. Oṣòdì Tápà, olórí ogun rẹ̀, ni ó ṣáájú àwọn ará Ẹ̀pẹ́ dé orí ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn. Agbo ilé mọ́kànlélógún (21) ni wọ́n pín in sí.

Ẹ wá bi wá pé, kí ni wọ́n fi ń dáná nínú agbo ilé mọ́kànlélógún yẹn? Omi ló yí Èkó ká, kò sí igbó tí ènìyàn lè wọ̀ kí ó ṣẹ́ igi. Inú ọkọ̀ ojú omi ni igi ìdáná ti ń wá láti àwọn ìlú etí ọ̀sà, owó ni wọ́n sì ń fi rà á. Ẹni tí ó bá ń fi owó ra igi kì í fi ohun tí ó lè jó ṣòfò. Nítorí náà, nínú gbogbo ohun tí ó ti ara ọ̀pẹ wá, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí wọ́n sọ nù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe epo mọ ohun tí à ń sọ. Nígbà tí a bá ti fún ẹyìn tán, okùn rẹ̀ tí ó kù ni à ń pè ní ìhá. Epo díẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, nítorí náà kò ní pẹ́ gbaná. Òun ni ìyá wa ń fi ṣáná lábẹ́ ìkòkò ní òwúrọ̀ kùtù, òun náà ni à ń dì mọ́ igi láti fi ṣe ògùṣọ̀ tí a fi ń rìn lóru. Èésan, èèpo líle tí ó bo ekùrọ́, ni ti alágbẹ̀dẹ. Bí ẹwìrì bá ti ń fẹ́ sí i, ooru rẹ̀ ju ti igi lásán lọ, kì í sì í tètè kú. Ìdì ẹyìn tí a ti ṣa ẹyìn orí rẹ̀ tán ni à ń sun di eérú fún ọṣẹ dúdú. Epo pupa fúnra rẹ̀ wà nínú fìtílà pẹ̀lú òwú. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá dé ọ̀dọ̀ yín lónìí tí ó ní òun fẹ́ kọ́ yín bí a ṣe ń fi pàǹtírí dáná, ẹ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìyá-ìyá yín ti gboyè nínú ẹ̀kọ́ náà.

Láàárín àwọn ọdún 1860 ni òwò ekùrọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Èkó. Àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg ló ń rà á jù lọ, wọ́n sì wà nídìí rẹ̀ títí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní fi dé ní 1914. Òyìnbó kò fẹ́ èésan nígbà náà, ekùrọ́ tí a ti pa ni ó fẹ́. Obìnrin ni ó ń jókòó ti òkúta méjì, tí ó ń pa á lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ di alẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọkọ ni ó ń gun ọ̀pẹ, aya ni ó ń ṣe epo, bí epo bá sì di ti ọkọ, ekùrọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ aya. Ìhá àti èésan tẹ̀ lé ekùrọ́, wọ́n wà lábẹ́ àṣẹ obìnrin. Kò sí ẹni tí ó kọ èyí sínú ìwé kankan. Àṣà ni, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àìkọ-sínú-ìwé yìí, nítorí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó pàápàá jìyà rẹ̀. Nígbà tí Oṣòdì Tápà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dé, ilẹ̀ kò wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè dáadáa bóyá ìdílé Oṣòdì ni ó ni gbogbo rẹ̀, tàbí ẹni tí ń gbé agbo ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ni tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Èkó wá di wúrà, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ gbé ara wọn lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dá ọ̀kan nínú rẹ̀ ní 1936. Ìjọba ní láti ṣe òfin pàtàkì fún ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó nìkan ní 1947. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ yìí lè ṣẹlẹ̀ sí òkìtì èésan.

Ìgbà wá yí padà. Lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ kànga epo rọ̀bì ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ní 1859, kò pẹ́ tí epo òyìnbó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú wa nínú agolo. Iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó ní 1896. Ní 1923, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ amúnáwá ní Ìjọ́ra, èédú tí wọ́n wà nílẹ̀ ni wọ́n ń dà sínú iná rẹ̀. Fìtílà epo pupa di ohun àtijọ́, ògùṣọ̀ di ohun tí a ń dárúkọ nínú orin.

Àwọn òyìnbó alára kò gbàgbé epo inú ewéko. Ní ọdún 1900, níbi ìpàtẹ ńlá kan ní Paris, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ṣe ní ìlànà Rudolf Diesel fi òróró ẹ̀pà ṣiṣẹ́. Ìjọba Faransé ló ni ìmọ̀ràn náà, nítorí pé ẹ̀pà pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń ṣàkóso. Ní 1937, Ọ̀gbẹ́ni Chavanne ní Bẹ́ljíọ̀mù gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi ń po epo pupa pọ̀ mọ́ ọtí líle kí ẹ́ńjìnnì lè mu ún. Ní 1938, bọ́ọ̀sì kan fi epo ọ̀hún kó èrò láti Brussels lọ sí Louvain. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí epo rọ̀bì di góòlù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ní Yúróòpù àti ní àwọn ilẹ̀ Faransé nítòsí wa ló gbé agbada irin sẹ́yìn. Wọ́n ń sun igi tàbí èédú nínú rẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ díẹ̀, gáàsì tí ó ń jáde ni ẹ́ńjìnnì ń lò. Gbogbo rẹ̀ ló ṣiṣẹ́. Bí ogun ti parí, tí epo rọ̀bì sì tún pọ̀, wọ́n kó agbada náà dà nù.

Ẹ̀rọ tí ó kan wa gbọ̀ngbọ̀n dé lẹ́yìn ogun yẹn. Pioneer ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ ìfúnpo tí ìjọba kó wọ Nàìjíríà. Ìlà Oòrùn ni ó pọ̀ sí jù, díẹ̀ sì wà ní Ìwọ̀ Oòrùn. Bí a bá fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe epo, ó máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdajì, tàbí kí ó fi díẹ̀ lé ní ìdajì, epo inú ẹyìn ni a ń rí fún jáde. Pioneer ń rí nǹkan bí 85 fún nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ó wú wa lórí jù ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní ìkòkò irin ńlá tí ń se omi títí oru rẹ̀ yóò fi máa ti irin. Ìhá àti èésan tí ó ti inú ẹyìn náà jáde ni wọ́n ń dà sábẹ́ ìkòkò yìí. Kò ra igi, kò ra èédú, kò ra epo dísù. Ẹyìn ló ń fún ara rẹ̀. Títí di òní, ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ epo pupa ńláńlá ní Malaysia àti Indonesia ń gbà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń rí iná tí ó ṣẹ́ kù tà.

Ẹ̀rọ tí ó dára tó báyìí, kí ló dé tí àwọn obìnrin fi dìde sí i? Ní ìparí àwọn ọdún 1940 sínú àwọn ọdún 1950, àwọn obìnrin ní Ìlà Oòrùn jáde ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ Pioneer. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan rò pé àìlajú ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá wọn ṣírò ó. Ní àtijọ́, ẹyìn ń wọ inú ilé, aya ń ṣe epo, ó ń mú ekùrọ́ fún ara rẹ̀, ó ń fi ìhá dáná, ó ń ta èésan fún alágbẹ̀dẹ. Nígbà tí Pioneer dé, ọkọ ń gbé odidi ìdì ẹyìn lọ sí ibi ẹ̀rọ, wọ́n ń ka owó sí i lọ́wọ́, ó ń padà wálé. Ekùrọ́ wà lọ́hùn-ún. Ìhá àti èésan ti wọ inú iná ẹ̀rọ. Aya jókòó sílé, kò rí ekùrọ́ tà, ó sì tún ní láti wá owó igi ìdáná. Owó epo pọ̀ sí i lápapọ̀, òun ni tirẹ̀ dín kù. Wọ́n tà á nígbà tí kò sí níbẹ̀.

Lójú tèmi, ibí yìí ni àṣìṣe tí ó tóbi jù nínú gbogbo ìtàn yìí wà. Wọ́n wọn epo, wọ́n wọn ooru, kò sí ẹni tí ó wọn ohun tí obìnrin ilé pàdánù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà kò rí ẹyìn tó láti fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1960, ògo wọn ti ń wọmi.

Epo rọ̀bì ni ó wá gbà wá lọ́kàn. Wọ́n rí i ní Oloibiri ní 1956. Nígbà tí iye rẹ̀ fò sókè lágbàáyé ní 1973, inú wa dùn, nítorí pé àwa ló ń tà á. Ẹ wo ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn. Ẹni tí ó bá rìn díẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yóò dé Campos, àdúgbò àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì tí wọ́n sì rí ọ̀nà padà wálé. Oko ìrèké wà lára ibi tí wọ́n ti ń lo àwọn ẹrú lọ́hùn-ún. Bràsíìlì ń ra epo rọ̀bì ní 1973, ọ̀wọ́n náà sì dùn ún wọra. Ní 1975, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Proálcool: wọ́n ń sọ omi ìrèké di ọtí líle, wọ́n ń po ó mọ́ bẹntiróòlù. Pàǹtí ìrèké tí ó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún omi rẹ̀ ni wọ́n ń sun lábẹ́ ìkòkò oru, bíi ti Pioneer gẹ́lẹ́. Láàárín 2014 sí 2015, ilé-iṣẹ́ Raízen ní Piracicaba wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pàǹtí náà fúnra rẹ̀ di ọtí epo.

Èyí ṣòro ju bí ó ti dún létí lọ. Ṣúgà wà nínú pòròpóró àgbàdo àti nínú pàǹtí ìrèké, ṣùgbọ́n a ti so ó pọ̀ ṣinṣin bí okùn. Inú ènìyàn kò lè dà á, inú màlúù ni ó lè dà á, nítorí àwọn kòkòrò aláìfojúrí tí ó wà níbẹ̀. Kí ìwúkàrà tó lè sọ ọ́ di ọtí, ènìyàn ní láti fi ooru gbígbóná àti àwọn èròjà olówó gọbọi tú okùn náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ìpàdé yín pé kí ẹ dá owó jọ fún ẹ̀rọ tí yóò máa sọ pòròpóró di bẹntiróòlù ní abúlé, ẹ sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ mú yín lọ wo èyí tí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Nàìjíríà náà gbìyànjú. Ní 2005, ìjọba ní kí ilé-iṣẹ́ epo NNPC bẹ̀rẹ̀ ètò epo ewéko. Ní 2007, wọ́n tẹ ìlànà rẹ̀ jáde: a óò po ìdá kan ọtí ewéko mọ́ ìdá mẹ́sàn-án bẹntiróòlù. Ẹ̀gẹ́ àti ìrèké ni wọ́n fojú sí. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ máa kó ọtí náà wọlé láti òkèèrè ná, kí oko wa tó dàgbà. Ọ̀pọ̀ yín rántí pé a gba àgbẹ̀ níyànjú nígbà náà kí ó gbin ẹ̀gẹ́ rẹpẹtẹ. Ẹ̀gẹ́ jáde, ọjà rẹ̀ wó, bẹntiróòlù àdàlù náà kò dé ilé epo yín. Bí bẹntiróòlù bá pọ̀ tí ìjọba sì ń san ìdá kan owó rẹ̀, ta ni yóò ra èyí tí ó wọ́n jù ú lọ? Ní May 29, 2023 ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí kò tó igba náírà di nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (₦500), ó sì tún gun òkè lẹ́yìn náà. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi tún ń wo òkìtì ẹ̀yìn ilé yín.

Wọ́n ń wò ó lóòótọ́. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Lafarge ní Ewékorò ti ń sun èésan àti pàǹtírí oko mìíràn mọ́ epo tí ó ń lò fún ọdún tí ó lé ní mẹ́wàá. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá ní Japan ń ra èésan bí ọkọ̀ òkun ti ń gbé e wá láti Indonesia àti Malaysia. Èésan tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ooru wá tó èédú ilẹ̀ tọ́ọ̀nù kan tí ó dára. Ó gbẹ, ó wúwo, kì í rà, ọkọ̀ lè gbé e lọ jìnnà. Ọ̀pẹ ìbílẹ̀ wa sì ní èésan tí ó nípọn ju ti ọ̀pẹ àgbélẹ̀rọ tuntun lọ. Lójú ẹni tí ń ṣe epo, àléébù ni èyí. Lójú ẹni tí ń ra èésan, kò rí bẹ́ẹ̀.

Èèpo ẹ̀gẹ́ yàtọ̀. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń bó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ẹ̀gẹ́ lọ́sẹ̀, ẹ óò rí èèpo tí ó tó tọ́ọ̀nù méjì, ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kó o sínú ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, omi ni ẹ ń san owó ọkọ̀ fún. Ibi tí a ti bó o náà ni ó yẹ kí a ti lò ó. Àgbá gáàsì ni ó bá a mu: ihò tàbí àgbá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, a ó da èèpo tí a ti gé wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú omi àti ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti màlúù. Àwọn kòkòrò aláìfojúrí inú ìgbẹ́ náà yóò jẹ ẹ́, gáàsì tí ó lè jó yóò sì gba ẹnu ọ̀nà òkè jáde lọ sí ibi ìdáná. Ẹ má ṣe da èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan sí i, yóò kan, àwọn kòkòrò náà yóò sì kú. Omi dúdú tí ó kù nísàlẹ̀ jẹ́ ajílẹ̀ gidi. Ẹni tí ó bá fẹ́ fojú rí i kò ní rìn jìnnà. Ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ibùdó Songhai tí Bàbá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ti ń ṣe gáàsì láti inú ìgbẹ́ àti pàǹtírí oko rẹ̀, tí ó sì ń dá omi rẹ̀ padà sí oko àti adágún ẹja.

Ti lẹ́búlẹ́bú pákó, gbogbo ẹni tí ó bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá ló ti rí èéfín rẹ̀. Oko Bàbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni, níbi tí gẹdú ti ń léfòó lórí ọ̀sà wá bá ayùn láti ọdún gbọọrọ. Wọ́n ń kó lẹ́búlẹ́bú náà jọ sí etí omi, wọ́n ń dáná sun ún láti lè rí àyè. Ní ìlú tí àwọn ènìyàn ti ń to ra gáàsì, wọ́n ń sun iná lásán! Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ibùdó tuntun fún àwọn onípákó sí Àgbówá, lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Iná tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ fi ọkọ̀ ọpọ́n gbé wá sí Èkó nígbà Kòsọ́kọ́ ń padà lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́. Bí a bá fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sun lẹ́búlẹ́bú yìí, tàbí ṣùkù àgbàdo, nínú àgbá irin, yóò di èédú. A óò lọ̀ ọ́, a óò fi ògì ẹ̀gẹ́ tí a sè po ó, a óò tẹ̀ ẹ́ nínú ẹ̀rọ kékeré, a óò sì sá a. Alágbẹ̀dẹ lè rọ ẹ̀rọ ìtẹ̀ náà.

Ìkìlọ̀ kan wà. Ẹ má ṣe kó gbogbo pòròpóró kúrò lóko nítorí owó. Ilẹ̀ náà ń jẹ nínú rẹ̀, òjò yóò sì wọ́ ilẹ̀ tí ó wà ní ìhòòhò lọ. Ti èèpo kòkó ló yàtọ̀: bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lóko, ó ń tọ́jú àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú. Ẹ kó o kúrò, ẹ sun ún, eérú rẹ̀ dára fún ọṣẹ àti fún ilẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ín. Alágbàtà tí ń ra èésan yóò dé ọ̀dọ̀ yín bí kò bá tíì dé. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni yóò lọ tààrà, nítorí pé òkìtì wà lẹ́bàá ẹ̀rọ. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ yóò tà á, yóò sì sọ pé òun tilẹ̀ ṣe yín lóore, òun bá yín palẹ̀ pàǹtírí mọ́. Kí alágbàtà yẹn tó dé, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà sórí tábìlì ìpàdé. Nínú ẹyìn tí ẹnì kan gbé wá, ta ni ó ni ekùrọ́, ta ni ó ni èésan, ta ni ó ni ìhá? Ta ni ó ni èèpo ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin ń bó? Bí àwọn tí ń bó o bá ti ń kó o lọ fún ewúrẹ́ wọn láti ìgbà pípẹ́, kí ni wọn óò gbà dípò rẹ̀ bí ó bá wọ inú àgbá gáàsì? Kí ẹ rí i pé àwọn obìnrin wà ní ìpàdé náà, kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn. Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sínú ìwé ẹgbẹ́, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ ìka. Kí ẹ ra òṣùwọ̀n kan, kí ẹ máa wọn èésan bí ẹ ti ń wọn epo, kí ẹ sì mọ iye tí ń jáde lóṣù kí ẹ tó fi ẹnu sí iye owó kankan.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a óò sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń sá èèpo ẹ̀gẹ́ kí oró inú rẹ̀ lè lọ kí a tó fi bọ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn.